Bíbẹ̀rẹ̀ Ìtọ́jú Onífọ̀rọ̀wérọ̀: Láti Ìpinnu títí dé Ìpàdé Kẹfà

Ìtọ́jú onífọ̀rọ̀wérọ̀, tí àwọn ará ìlú ńlá ń pè ní tẹ́rápì, ni ìtọ́jú tí ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ ń gbà lọ́dọ̀ ẹni tó kọ́ iṣẹ́ náà. Ọ̀rọ̀ ni irinṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó wá gbàtọ́jú àti olùtọ́jú a máa pàdé ní ọjọ́ àti wákàtí tí wọ́n dá, wọn a yẹ ìrònú, ìṣe àti ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sẹ́yìn wò, wọn a sì jọ wá ọ̀nà míì tí ẹni náà lè gbà kojú ìṣòro rẹ̀. Wọ́n ń lò ó fún ìsoríkọ́, àníyàn àníjù, ìpáyà òjijì, ọgbẹ́ ọkàn tí ìjàǹbá tàbí ìfipábánilòpọ̀ dá síni lára, ọ̀fọ̀ tí kò kúrò lọ́kàn, ìjà tọkọtaya, àti ọtí tàbí oògùn olóró tó ti di bárakú. Òwe pé ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n kò bá ìtọ́jú yìí wí, nítorí ohun tí ẹni náà ń ṣe láàárín ìpàdé kan sí èkejì ló ń mú ara yá jù.

Orí yìí wà fún ẹni tó ń rò ó bóyá kí òun bẹ̀rẹ̀, pàápàá ní ilẹ̀ Yorùbá ní Nàìjíríà. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ wà níbẹ̀ fún àwọn tó ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà náà.

Ewu tí kò gbọdọ̀ dúró de ọjọ́ ìpàdé

Kí ẹnikẹ́ni tó máa wá olùtọ́jú, ó yẹ kó mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ ti kọjá ìpàdé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ̀ka pàjáwìrì ilé ìwòsàn ni ibi tó kàn, lọ́jọ́ náà gan-an, bí ẹnìkan:

- bá ń ronú àtipa ara rẹ̀ tàbí ẹlòmíràn, tó sì ti ń pète ọ̀nà tàbí ọjọ́;
- bá ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, pàápàá ohùn tó ń pàṣẹ fún un;
- kò bá sùn fún ọjọ́ mélòó kan, síbẹ̀ tí agbára rẹ̀ ń pọ̀ sí i, tó ń sọ̀rọ̀ láìdánudúró tàbí tó ń náwó bí ẹni tí kò mọ̀la;
- bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ tí ọ̀rọ̀ àti ìṣe rẹ̀ sì dàrú;
- bá fi ọtí àmujù sílẹ̀ lójijì, tí ara rẹ̀ wá ń gbọ̀n tàbí tí gìrì mú un.

Ní Nàìjíríà, 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì. Ní Amẹ́ríkà, 988 ni wọ́n ń pè láti oṣù Keje ọdún 2022 bí ọkàn ẹnìkan bá wà nínú ewu. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn Samaritans ń gbé ìpè ní 116 123 tọ̀sán-tòru. Títí ìrànlọ́wọ́ yóò fi dé, kí ẹnìkan má ṣe kúrò lọ́dọ̀ ẹni náà, kí àwọn ará ilé sì kó oògùn apakòkòrò, oògùn ilé ìwòsàn tó pọ̀ àti ohun mímú kúrò ní àrọ́wọ́tó rẹ̀.

Ẹ̀rù òfin ń dí àwọn kan lẹ́nu. Abala 327 nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí gúúsù Nàìjíríà jogún lọ́wọ́ ìjọba amúnisìn ka ìgbìyànjú láti pa ara ẹni sí ẹ̀ṣẹ̀ tó lè fa ẹ̀wọ̀n ọdún kan. Òfin Ìpínlẹ̀ Èkó ní tirẹ̀ ní kí ilé ẹjọ́ fi ẹni bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn. Ìgbìyànjú ni òfin ń sọ. Ẹni tó la èrò ọkàn rẹ̀ yé dókítà tàbí olùtọ́jú kò gbìyànjú nǹkan kan, ìtọ́jú ló ń wá.

Àmì pé ìtọ́jú lè wúlò

Ìbànújẹ́ nìkan kì í ṣe àìsàn. Bó ṣe pẹ́ tó àti ohun tó ti bà jẹ́ ni kí a wò. Bí ìrẹ̀wẹ̀sì, ẹ̀rù tàbí àìlègbádùn ohunkóhun bá ti ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, tó sì ti ń ba oorun, oúnjẹ, iṣẹ́ tàbí àárín ẹni náà àti àwọn ará ilé rẹ̀ jẹ́, ọ̀rọ̀ ti tó lọ bá ẹni tó mọṣẹ́. Lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ Yorùbá, ara ló máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: orí á máa gbóná, nǹkan á máa rìn lágbárí, àyà á máa já, ooru á máa mú inú ara. Àwọn mìíràn á ti ṣe àyẹ̀wò ibà àti ẹ̀jẹ̀ ríru títí láìrí ohunkóhun.

Síbẹ̀, dókítà ara ni kí ẹni náà kọ́kọ́ rí. Àìtó ẹ̀jẹ̀, àìsàn ẹṣẹ́ ọrùn tó máa ń fa gẹ̀gẹ̀, àti àwọn oògùn kan lè mú kí àyà máa já tàbí kí ara máa rẹni bí ẹni tó sorí kọ́. Ìjókòó fọ̀rọ̀wérọ̀ kò lè tọ́jú àwọn wọ̀nyí.

Ohun tó yẹ kó wà nílẹ̀

- Ojú ìwé kan péré tí a kọ ọ̀rọ̀ sí: ohun tó ń ṣeni, ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, ohun tó ń mú un le, ohun tó ń mú un rọlẹ̀, àti ohun tí a ti dán wò, ìbáà ṣe àdúrà, ààwẹ̀, àgbo tàbí oògùn kẹ́míìsì.
- Orúkọ gbogbo oògùn tí ẹni náà ń lò àti ìwọ̀n rẹ̀. Àgbo, ọtí, sìgá, tramadol àti oògùn oorun wà lára rẹ̀.
- Gbólóhùn kan nípa ohun tí a fẹ́. "Mo fẹ́ kí ayé mi dára" gbòòrò jù. "Mo fẹ́ lè sùn láìtan iná" tàbí "mo fẹ́ lè wọ ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́" ṣe é dìmú.
- Owó ìpàdé oṣù kan ó kéré tán, pẹ̀lú owó ọkọ̀ àti owó káàdì bó bá jẹ́ ilé ìwòsàn ìjọba. Ìtọ́jú tí owó dá dúró lẹ́yìn ìpàdé méjì kò tíì bẹ̀rẹ̀.
- Àkókò. Ìpàdé kan máa ń gbà tó ìṣẹ́jú 45 sí wákàtí kan, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Kí a fi ìdajì wákàtí kún un fún ìsinmi lẹ́yìn rẹ̀.
- Fún ìpàdé orí fóònù tàbí íntánẹ́ẹ̀tì: ibi tí ẹlòmíràn kò ti lè gbọ́, gbohùngbohùn etí, dátà tó pọ̀ tó, bátìrì tó kún, àti fóònù tí a fi nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ tì. Ní ilé tí yàrá kọjú síra, ọkọ̀ tí a gbé dúró síbi tó dákẹ́ tàbí ọ́fíìsì lẹ́yìn iṣẹ́ sàn ju yàrá lọ.
- Ẹnìkan tó mọ̀ pé ìtọ́jú ti bẹ̀rẹ̀, tí a lè pè bí ọjọ́ kan bá le. Ẹnìkan ti tó. Gbogbo mọ̀lẹ́bí kò ní láti mọ̀.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: Mímọ iṣẹ́ ẹnìkọ̀ọ̀kan

Dókítà ọpọlọ kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn kó tó yan ti ọpọlọ láàyò. Òun ló lè kọ oògùn, òun ló sì lè dá ènìyàn dúró sí ilé ìwòsàn. Onímọ̀ saikọ́lọ́jì ti ilé ìwòsàn kì í kọ oògùn; àyẹ̀wò ìrònú àti ìtọ́jú onífọ̀rọ̀wérọ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀. Olùdámọ̀ràn, tí wọ́n ń pè ní káńsẹ́lọ̀, lè jẹ́ ẹni tó kàwé gboyè nínú iṣẹ́ náà, ó sì lè jẹ́ ẹni tó kàn lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ráńpẹ́. Orúkọ nìkan kò sọ èyí tó jẹ́. Pásítọ̀ àti ààfáà lè gbàdúrà, wọ́n sì lè dúró tini, ṣùgbọ́n iṣẹ́ yìí kì í ṣe tiwọn àfi bí wọ́n bá kọ́ ọ lọ́tọ̀.

Ẹni tí ìsoríkọ́ mú débi tí kò lè dìde lórí ibùsùn tàbí tí kò jẹun mọ́, dókítà ọpọlọ ni kó kọ́kọ́ rí. Ẹni tó ṣì ń lọ síbi iṣẹ́ ṣùgbọ́n tí ọkàn rẹ̀ wúwo lè bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ onímọ̀ saikọ́lọ́jì. Àwọn méjèèjì lè jọ tọ́jú ẹnìkan náà, wọ́n sì sábà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: Wíwá ibi tí a ó lọ

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Yábàá l'Ékòó láti ọdún 1907. Ti Àró ní Abẹ́òkúta gbilẹ̀ láti ọdún 1954 lábẹ́ Dókítà Adéoyè Lambo. Ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ tún wà ní àwọn ilé ìwòsàn yunifásítì bíi UCH ní Ìbàdàn, LUTH ní Ìdí-Àràbà àti OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀.

Ẹ̀rù kí wọ́n má baà ti ilẹ̀kùn mọ́ni, àti ìtìjú kí aládùúgbò má baà sọ pé "wọ́n ti gbé e lọ Àró", ló ń dá ọ̀pọ̀ dúró. Ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn tó ń lọ síbẹ̀ ló ń rí dókítà tí wọ́n sì ń padà sílé lọ́jọ́ kan náà. Ní àsìkò Lambo pàápàá, àwọn tó ń gbàtọ́jú ní Àró ń gbé pẹ̀lú mọ̀lẹ́bí wọn nínú àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká. Ẹni tí ìtìjú náà bá ṣì pọ̀ fún lè lọ sí ilé ìwòsàn yunifásítì, níbi tí ẹnikẹ́ni tó bá rí i kò ti lè mọ àìsàn tó gbé e wá.

Ní ilé ìwòsàn ìjọba, kí ẹni náà tètè dé láàárọ̀. Yóò gba káàdì, wọn yóò ṣí fáìlì fún un, nọ́ọ̀sì yóò wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, dókítà yóò sì rí i kó tó kọ ìwé sí ẹ̀ka saikọ́lọ́jì. Lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ dókítà àdúgbò máa ń mú un yá. Ọjọ́ àkọ́kọ́ lè gba gbogbo òwúrọ̀, nítorí náà kí a má fi iṣẹ́ mìíràn sí i. Ibi ìtọ́jú aládàáni kì í ní ìlà gígùn bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga jù, kí a sì yẹ ìwé ẹ̀rí olùtọ́jú ibẹ̀ wò dáadáa.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gan-an, àgbàlagbà tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà àdúgbò lè fi ara rẹ̀ sílẹ̀ fún NHS Talking Therapies lọ́fẹ̀ẹ́ láìgba lẹ́tà lọ́wọ́ dókítà, ó sì lè bèèrè ògbufọ̀ Yorùbá. Kí ọmọ tàbí ìyàwó má ṣe jẹ́ ògbufọ̀ náà, nítorí ọ̀rọ̀ tó ṣòro jù ni yóò kọ́kọ́ sọnù lẹ́nu wọn. Ní Amẹ́ríkà, ìjọba ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń fún olùtọ́jú ní ìwé àṣẹ, a sì lè wá orúkọ rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ìbéèrè kí a tó sanwó

Bíbi olùtọ́jú ní ìbéèrè kì í ṣe àfojúdi. Ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò dáhùn láìbínú:

1. Ibo lẹ ti kọ́ iṣẹ́ yìí, ẹgbẹ́ tàbí ìgbìmọ̀ wo ló sì forúkọ yín sílẹ̀? Ní Nàìjíríà, ìgbìmọ̀ MDCN ló ń forúkọ dókítà sílẹ̀.
2. Ṣé ẹ ti tọ́jú irú ìṣòro yìí rí? Irú ọ̀nà wo lẹ máa ń gbà?
3. Èló ni ìpàdé kan, kí ló sì ń ṣẹlẹ̀ bí mi ò bá lè wá?
4. Ṣé a lè sọ Yorùbá?
5. Ta ló lè ka ohun tí ẹ bá kọ nípa mi?
6. Kí ni mo lè ṣe bí ọ̀rọ̀ bá le láàárín ìpàdé méjì?

Bí ìdáhùn bá rúni lójú, kí a tún bèèrè. Bí olùtọ́jú bá fi ìbínú dáhùn, kí a wá ẹlòmíràn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ìpàdé àkọ́kọ́

Ìbéèrè ló máa ń pọ̀ níbẹ̀. Olùtọ́jú yóò bèèrè nípa ilé tí wọ́n ti tọ́ ẹni náà, iṣẹ́ rẹ̀, oorun rẹ̀, àìsàn tó ti ṣe é, àti bóyá irú rẹ̀ ti ṣe ẹlòmíràn nínú ẹbí rí. Yóò bèèrè nípa ọtí, oògùn àti èrò ikú. Gbogbo ẹni tó bá wá ni wọ́n ń bi ní ìbéèrè wọ̀nyí, wọn kò fi fura sí ẹnikẹ́ni.

Ó lè fún un ní ìwé ìbéèrè mẹ́sàn-án tí wọ́n ń pè ní PHQ-9, nípa ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá. Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan gba òdo sí 3, àpapọ̀ rẹ̀ kò sì lè ju 27 lọ. Bó bá tó 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, olùtọ́jú yóò wádìí ìsoríkọ́ síwájú sí i. Kí ẹni náà kọ iye tó gbà sínú ìwé ara rẹ̀, yóò wúlò ní ìpàdé kẹfà.

Olùtọ́jú gbọ́dọ̀ ṣàlàyé àṣírí àti ààlà rẹ̀ lọ́jọ́ yìí. Ohun tí a sọ kì í jáde, àfi bí ẹ̀mí ẹni náà tàbí ti ẹlòmíràn bá wà nínú ewu, bí wọ́n bá ń ṣe ọmọdé níkà, tàbí bí ilé ẹjọ́ bá pàṣẹ. Ọkọ, ìyá tàbí ọ̀gá iṣẹ́ tó ń sanwó ìtọ́jú kò fi owó ra àṣírí. Òfin ìlera ọpọlọ tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù Kìíní ọdún 2023, èyí tó rọ́pò òfin àwọn wèrè ti àsìkò amúnisìn, dá ẹ̀tọ́ sí ìpamọ́ àṣírí àti ẹ̀tọ́ láti mọ ìtọ́jú tí wọ́n fẹ́ ṣe fúnni mọ̀.

Kò pọn dandan kí gbogbo ọ̀rọ̀ jáde lọ́jọ́ àkọ́kọ́. "Ọ̀rọ̀ kan wà, ṣùgbọ́n mi ò tíì lè sọ ọ́" ti tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Bí ẹkún bá dé, kí ẹni náà sunkún. Bí ìdákẹ́jẹ́ bá wà, olùtọ́jú kì í kánjú lé e lọ.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí máa ń dí àgbàlagbà lọ́wọ́ nígbà tí olùtọ́jú bá kéré sí ọmọ rẹ̀. Olùtọ́jú tó mọ̀wà yóò fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀, yóò sì bèèrè orúkọ tó fẹ́ kí wọ́n máa pè é. Bí olùtọ́jú bá sì dàgbà jù, ẹni tó wá kò ní láti máa kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀ kó tó lè sọ̀rọ̀ òun àti òbí rẹ̀. Bí èyíkéyìí nínú méjèèjì bá ń ni ẹni náà lára, kó sọ ọ́ jáde, ó wà lára ohun tí ìtọ́jú ń yẹ̀ wò.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ìpàdé kejì sí ìkarùn-ún

Ní àsìkò yìí, àwọn méjèèjì yóò fẹnu kò lórí ohun tí wọ́n ń lé, wọn yóò sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọ̀kan lára ọ̀nà tí wọ́n ń lò jù ni èyí tí Aaron Beck, dókítà ọpọlọ ará Amẹ́ríkà, gbé kalẹ̀ ní àwọn ọdún 1960, tó ń wo bí ìrònú, ìmọ̀lára àti ìṣe ṣe ń fa ara wọn. Ó sábà máa ń gba ìpàdé 6 sí 20.

Iṣẹ́ àmúrelé wà nínú rẹ̀. Bí àpẹẹrẹ, ọ̀gá kan kò dáhùn nígbà tí òṣìṣẹ́ kí i láàárọ̀; òṣìṣẹ́ náà sì ti rò pé wọ́n fẹ́ lé òun lẹ́nu iṣẹ́, kò ṣiṣẹ́ dáadáa títí ilẹ̀ fi ṣú. Olùtọ́jú yóò ní kó pín ìwé sí mẹ́rin: ohun tó ṣẹlẹ̀, ohun tó rò, ẹ̀rí tó gbè é lẹ́yìn àti èyí tó takò ó, àti ohun mìíràn tó lè fà á. Kíkọ ọ́ sílẹ̀ ṣe pàtàkì, nítorí ìrònú tó wà lórí ìwé kì í tètè yí padà bí èyí tó wà lọ́kàn.

Ẹni tí kò lè wọ ọkọ̀ mọ́ lẹ́yìn ìjàǹbá yóò gba àtẹ̀gùn ìgbésẹ̀. Yóò kọ́kọ́ jókòó nínú ọkọ̀ tó dúró, lẹ́yìn náà kí wọ́n gbé e dé ìkòríta, lẹ́yìn náà ibùdókọ̀ kan, títí yóò fi dé ibi iṣẹ́. Kò gbọdọ̀ sá kúrò nígbà tí ẹ̀rù ṣì pọ̀ gan-an, kó dúró títí ẹ̀rù náà yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, nítorí ìgbà yẹn ni ara ń kọ́ pé ewu ti kọjá.

Ọkàn lè wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ lẹ́yìn ìpàdé kejì tàbí ìkẹta, nítorí a ti ṣí ohun tí a dé mọ́lẹ̀ fún ọdún pípẹ́. Kí ẹni náà má ṣe fi ìpàdé pàtàkì, ìrìn àjò ọ̀nà jíjìn tàbí àríyànjiyàn nípa owó sí wákàtí tó tẹ̀lé e. Bí ìwúwo náà bá rọ̀ láàárín ọjọ́ kan sí méjì, kò burú. Bó bá ń pọ̀ sí i lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, tàbí tí èrò ikú bá yọjú, kó pe olùtọ́jú láìdúró de ọjọ́ ìpàdé, kó sì lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì bó bá ti rí bí èyí tí a kọ sókè.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ìdájọ́ ní ìpàdé kẹfà

Lẹ́yìn bí oṣù kan àtààbọ̀, kí àwọn méjèèjì jókòó wo ibi tí wọ́n dé. Bí olùtọ́jú kò bá dá a sílẹ̀, kí ẹni tó wá gbàtọ́jú dá a sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìbéèrè tó yẹ kó bi ara rẹ̀ nìyí:

- Ǹjẹ́ mo mọ ohun tí à ń ṣe àti ìdí tí a fi ń ṣe é?
- Ǹjẹ́ mo lè sọ òtítọ́ níbí, títí kan pé inú mi kò dùn sí ohun tí olùtọ́jú sọ?
- Ǹjẹ́ nǹkan kan ti yí padà nílé tàbí níbi iṣẹ́, bó ti wù kó kéré mọ?
- Bí mo bá tún ìwé PHQ-9 kọ, ǹjẹ́ iye náà ti dínkù? Bó bá fi 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wálẹ̀, ìyípadà gidi ni wọ́n ń kà á sí.

Bí ìdáhùn sí ìbéèrè méjì àkọ́kọ́ bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kí ìtọ́jú tẹ̀síwájú bí ìyípadà ò tilẹ̀ tíì pọ̀. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, kó sọ fún olùtọ́jú ní gbangba, kó sì fún un ní ìpàdé kan tàbí méjì sí i. Bí kò bá yí padà, ẹlòmíràn ló kàn. Pípààrọ̀ olùtọ́jú kì í ṣe àìmoore, olùtọ́jú rere yóò tilẹ̀ júwe ẹlòmíràn. Bí ìbéèrè méjì tó gbẹ̀yìn bá ṣófo lẹ́yìn iṣẹ́ tòótọ́, ó tó àkókò láti bi dókítà ọpọlọ bóyá oògùn yẹ kó bá a rìn.

Ìkìlọ̀

Kò sí àwíjàre kankan fún olùtọ́jú tó bá ń fọwọ́ kan ẹni tó wá gbàtọ́jú lọ́nà ìṣekúṣe, tó ń bá a fẹ́ra, tó ń yá a lówó tàbí yá owó lọ́wọ́ rẹ̀, tàbí tó ń bá a da òwò pọ̀. Kí ẹni náà kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, kó sì fi ẹjọ́ sun ilé ìwòsàn tàbí ẹgbẹ́ tó forúkọ olùtọ́jú náà sílẹ̀.

Ẹni tó bá ṣèlérí ìwòsàn pátápátá láàárín ìpàdé mẹ́ta, tàbí tó ní kí a san owó ọdún kan sílẹ̀, ọjà ló ń tà.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá oògùn ọpọlọ dúró lójijì nítorí pé tẹ́rápì ti bẹ̀rẹ̀ tàbí pé ara ti yá. Dókítà tó kọ ọ́ ló ń dín in kù díẹ̀díẹ̀. Oògùn ìsoríkọ́ máa ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí iṣẹ́ rẹ̀ tó hàn, nítorí náà kí a má dá a dúró lọ́jọ́ kẹrin pé kò ṣiṣẹ́.

Níbi tí ọkọ tàbí aya bá ti ń lu èkejì, kí wọ́n má ṣe jọ jókòó fún ìtọ́jú tọkọtaya. Ohun tí ẹni tí wọ́n ń lù bá sọ níwájú olùtọ́jú lè di ìyà fún un nílé. Kó lọ ní òun nìkan, kó sì má ṣe fi àtẹ̀jíṣẹ́ ìpàdé sílẹ̀ lórí fóònù.

Kò sí ìjà láàárín àdúrà àti ìtọ́jú yìí, olùtọ́jú kò sì gbọdọ̀ fi ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n bá ti ń de ènìyàn ní ẹ̀wọ̀n, tí wọ́n ń nà án, tàbí tí wọ́n ń fi ebi pa á kí ẹ̀mí àìmọ́ lè jáde, ìwà ìkà ni wọ́n ń hù níbẹ̀. Kí mọ̀lẹ́bí má ṣe fi ẹni wọn síbẹ̀.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀

*"A dúpẹ́."* Ìdáhùn ìkíni ni, ó sì dára ní ojúde. Nínú yàrá ìtọ́jú, ó ń bo ọgbẹ́. Bí olùtọ́jú bá bèèrè pé báwo ni ọ̀sẹ̀ ṣe rí, kí ẹni náà sọ ọjọ́ tó le jù àti ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà.

*Wíwá ìdájọ́.* Àwọn kan ń retí kí olùtọ́jú ṣe bí àgbà tó ń parí ìjà, kó sọ ẹni tó jẹ̀bi àti ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe. Olùtọ́jú kì í sábà sọ fúnni bóyá kí a kọ ọkọ tàbí kí a fi iṣẹ́ sílẹ̀. Yóò ranni lọ́wọ́ láti rí ohun tí a fẹ́ àti iye tí yóò náni.

*Fífi ọ̀rọ̀ ẹbí pamọ́.* Ẹ̀rù pé a ń tú àṣírí ilé kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ sọ ohun tí bàbá tàbí ìyá ṣe. Sísọ ọ́ níbi tí àṣírí wà kì í ṣe ìbanijẹ́, kò sì sọ pé ẹni náà kò bọ̀wọ̀ fún òbí mọ́.

*Fífi àgbo, ọtí tàbí oògùn pamọ́.* Ó lè ta ko oògùn dókítà, ó sì lè mú kí olùtọ́jú máa lé ohun tí kò sí níbẹ̀.

*Dídúró ní kété tí ara bá fúyẹ́.* Ìfúyẹ́ sábà máa ń ṣáájú ìyípadà. Ẹni tó bá lọ nígbà náà lè padà wá láìpẹ́ pẹ̀lú ìṣòro kan náà.

*Pípa ìpàdé jẹ láìsọ.* Bí ojú bá ń tini nítorí ohun tí a sọ ní ìpàdé tó kọjá, ìdí nìyẹn gan-an láti lọ sí èyí tó kàn.

*Mímú ẹ̀bùn wá.* Ìrẹsì àti ẹran Iléyá kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀bùn ńlá lè sọ olùtọ́jú di ẹni tí a kò lè bá sọ òtítọ́ mọ́. "Ẹ ṣé" ti tó.

Bí ìtọ́jú ṣe ń parí

Ìtọ́jú tó dára ní òpin tí a mọ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ohun tí a kọ sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ bá ti ṣeé ṣe, olùtọ́jú yóò fa àárín ìpàdé gùn, láti ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, láti méjì sí oṣù kan. Ní ìpàdé tó gbẹ̀yìn, kí àwọn méjèèjì jọ kọ ojú ìwé kan: àmì tó máa ń kọ́kọ́ yọjú bí ìṣòro bá fẹ́ padà, bíi oorun tó ń sọnù tàbí kíkọ̀ láti gbé fóònù, ohun tó ti ṣiṣẹ́ fún ẹni náà, orúkọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ pè, àti nọ́ńbà ilé ìwòsàn tó sún mọ́ ọn jù. Kí ó fi ìwé náà síbi tí ọwọ́ rẹ̀ lè tó o, kó sì fún ẹnìkan tó fọkàn tán ní ẹ̀dà rẹ̀. Bí àmì méjì nínú rẹ̀ bá dé tí wọ́n sì kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, kó pe olùtọ́jú fún ìpàdé kan sí i kí ọ̀rọ̀ tó le.